Oríta Mẹ́sàn-án Lẹ́yìn Odi Omi

Ní Fríslándì, ilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ.
Ẹni tó bá sùn níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ọ:
ẹ̀rọ mẹ́sàn-án tó ń fa omi sókè kúrò nínú kòtò
tọ̀sán-tòru, bí ìyá tó ń gbọ́n omi nínú ilé tí ń jò.

Jildou tẹ́ àpò búrẹ́dì sórí tábìlì,
ó fi bírò ya àpótí kékeré mẹ́sàn-án.
"Súwíìṣì nìwọ̀nyí. Oríta ni mo ń pè wọ́n.
Ọ̀rọ̀ á dé ibẹ̀, á bèèrè ọ̀nà,
oríta á ní, yà síhìn-ín.
Báwo la ó ṣe so wọ́n pọ̀?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, torí èmi ni mo kéré jù.
Mo ní ká tò wọ́n bí èèrà ṣe ń tò:
ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, okùn kan, owó díẹ̀.
Wobbe gbójú sókè lórí kọfí rẹ̀.
"Bí ẹsẹ̀ bá tẹ èèrà kẹrin ńkọ́?"
Mo dákẹ́.
Láti orí ẹ̀rọ karùn-ún dé ìkẹsàn-án á di ọmọ òrukàn,
omi á máa kún lọ́dọ̀ wọn, a ò sì ní gbúròó.

Jildou ya ìràwọ̀:
ìlà mẹ́sàn-án láti àárín, kálukú pẹ̀lú okùn tirẹ̀ wálé.
Ó wù mí. Bí ọ̀kan bá kú, kò ní pa èkejì.
Àmọ́ odi omi yẹn gùn tó kìlómítà mọ́kànlá.
Ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ fún okùn mẹ́sàn-án
nínú ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì?
Bí orí tó wà láàárín bá sì fọ́,
kí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fẹ́ ṣe?

Wobbe gba bírò. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn gírísì.
Ó mú ìlà èèrà mi,
ó tẹ̀ ẹ́ bí igi ọrun,
ó fi ìrù rẹ̀ kan orí.
Òrùka.
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣé ẹ rí i?
Bí eku omi bá gé okùn níhìn-ín
(wọ́n ń gé e, eyín wọn pọ́n bí ọsàn),
ọ̀rọ̀ á pẹ̀yìndà, á gba ọ̀hún délé.

Òrùka náà ní àrùn tirẹ̀.
Ọ̀rọ̀ tí kò rí òpin á máa yí po,
á bí ìbejì, ìbejì á bí ìbejì,
títí ariwo á fi di gbogbo etí pa.
Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo ṣe é lọ́jọ́ ìdánwò:
gbogbo iná ń ṣẹ́jú wìrìwìrì,
ẹ̀rọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ya odi, Jildou ò wò mí lójú.
Ìlẹ̀kùn kan ni mo gbàgbé láti tì.
Ìlẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ wà ní títì nínú òrùka,
kó dúró, kó má ṣiṣẹ́ kankan,
títí di ọjọ́ tí ibòmíràn bá já.

Oṣù kìíní. Ìjì gbé òrùlé ọgbà màlúù Hoitsema lọ.
Aago mẹ́ta òru, iná kan lára ògiri
kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di ìyeyè:
láàárín ẹ̀rọ kẹrin sí ìkarùn-ún.
Mo fetí sílẹ̀. Omi ṣì ń gòkè.
Ogójì ọdún ni Wobbe ti ń mú tọ́ọ̀ṣì jáde nírú òru yìí.
N ò pè é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń fi bọ́tà kun búrẹ́dì.
"Ìlẹ̀kùn yẹn, ó ṣí?"
"Ó ṣí."
Ó kun búrẹ́dì náà dé etí.
"Lọ so okùn. Kó o sì rí i pé ó tì padà."